Ìgbèríko Ara: Ọwọ́ Tútù àti Ẹni Tó Jókòó Ti Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ti Ikpinlè, Massè, Kpoulou, Oko-Akaré àti Tatonnonkon wá, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Adja-Ouèrè níbí, mo kí yín. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn.

Nínú kíkí tí mo kí yín yìí ni ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí wá sọ wà. Yorùbá kì í kí ènìyàn lórí ohun tí kò kàn án lára. A ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dúró, a ń kí ẹni tí òjò pa, a sì ń kí ẹni tí ọyẹ́ ń mú. Àwọn tó ṣáájú wa mọ̀ pé otútù ń bá ara jà, wọ́n sì fi kíkí bá ara wa kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ ìwé fún ará ìlú sọ fún mi pé ọwọ́ tí àwọn fi ń di máòsì mú máa ń tutù bí omi àmù, pé ìka àwọn ń le, pé ọrùn ọwọ́ ń dun àwọn títí di alẹ́. Nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ nílé, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé, "Ṣé iṣẹ́ lẹ pe ìyẹn? Ẹni tó ń ro oko ńkọ́?"

Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fò ó. Ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ nígbà òjò, tó sì ń la ẹnu kalẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá ti ro ó rí kò ní fojú tín-ín-rín iṣẹ́ àgbẹ̀ láéláé. Àmọ́, ẹni tó ń ro oko, gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́, itan ń ṣiṣẹ́, èjìká ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń sáré káàkiri, òógùn ń bọ́. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ti gbóná. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, ọwọ́ náà kò sì kúrò lójú kan. Iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ara mì ni. Ibẹ̀ ni otútù ti ń ráyè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú ṣàlàyé ara. Ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ, àwọn ni ààfin. Ooru ààfin kò gbọdọ̀ yẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 37°C. Bó bá wálẹ̀ kọjá 35, ewu ti wọlé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ìgbèríko. Ní ọjọ́ tí ara bá rọgbọ, awọ ọwọ́ máa ń wà ní nǹkan bí 32 sí 33°C, kò tilẹ̀ gbóná tó ààfin rárá. Bí atẹ́gùn tútù bá wá fẹ́, ọpọlọ á pàṣẹ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ìka fún, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná má baà lọ fi ooru ṣòfò lójú awọ. Ìka wa tún ní àwọn ojú ọ̀nà àbùjá kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà yára kọjá. Nígbà tí ara bá fẹ́ tú ooru dànù, á ṣí wọn sílẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ pa ooru mọ́, á tì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ènìyàn fi lè gbóná, kó tún tutù bí òkúta odò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àìsàn. Ààfin ló ń dáàbò bo ara rẹ̀, ìgbèríko ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ̀yin ará Adja-Ouèrè, n kò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ètò bẹ́ẹ̀ fún yín jù báyìí lọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ìka ọwọ́ kò ní iṣu ẹran kan nínú ara rẹ̀ tó ń ká a tàbí tó ń nà án. Apá ìsàlẹ̀, láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́, ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣu ẹran náà wà; okùn ló fi ń fa ìka láti òkèèrè, bí ẹni ń fa okùn kànga. Egungun, okùn àti awọ ló pọ̀ nínú ìka, nítorí náà kò lè dá ooru ṣe fúnra rẹ̀. Oríkèé sì ní omi tó ń mú un yọ̀. Bí otútù bá mú omi yẹn, ó máa ń ki, gẹ́gẹ́ bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò lówùúrọ̀ ọyẹ́. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ náà á máa fà. Kí awọ ìka tó wálẹ̀ dé 15°C, iṣẹ́ tó gba ìfarabalẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é: á fẹ́ tẹ ibi kan, á tẹ ibòmíràn. Nítorí pé kò ní ìmọ̀lára tó, á wá máa fún máòsì mọ́wọ́ ju bó ti yẹ lọ. Bó ti ń fún un mọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á tún dín kù. Bí ìrora ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ta ló ṣe ohun tí à ń dì mú yìí? Ní ọdún 1964, Douglas Engelbart àti Bill English, àwọn ará Amẹ́ríkà, ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Stanford Research Institute ní Kalifọ́níà. Igi ni. Wọ́n gbẹ́ igi kékeré kan tó kún àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi àgbá kẹ̀kẹ́ irin méjì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi bọ́tìnnì kan sórí rẹ̀, wáyà sì jáde lára rẹ̀ bí ìrù. Ìrù yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní eku lédè wọn. Àwọn Faransé náà pè é ní eku, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa tó kàwé ní Bẹ̀nẹ̀ fi ń pè é ní súrì. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni Engelbart gbé e síta ní San Francisco kí ayé wò ó. Lọ́dún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ Telefunken ní Jámánì gbé tiwọn jáde, èyí tí bọ́ọ̀lù ń yí lábẹ́ rẹ̀.

Inú mi máa ń dùn sí ọ̀rọ̀ igi yẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a wà yìí, níbi tí igi gbígbẹ́ ti wà lára àṣà tí àjọ UNESCO pàápàá kéde fún gbogbo ayé ní 2001. Ẹni tó mọ igi gbẹ́ mọ ọwọ́. Bó bá ń ṣe èèkù ọkọ́, ó ń wo ẹni tí yóò lò ó. Ọkọ́ ọmọdé kì í ṣe ọkọ́ àgbà, ti obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kéré kì í nípọn bí ti ọkùnrin gìrìpá. Ọ̀pọ̀ máòsì tó wà ní ọjà lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n dà fún gbogbo ọwọ́, wọ́n sì rọ̀jò rẹ̀ sí wa. Tábìlì tí a gbé e lé, káfíńtà tó kàn án ń ro ìjókòó ìjẹun tàbí ti ilé ìwé ni. Àga ga, tábìlì ga jù ú lọ, èjìká á gùn sókè, etí tábìlì á máa gé ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ ló wá ń bá irinṣẹ́ mu, nígbà tó jẹ́ pé irinṣẹ́ ló yẹ kó bá ọwọ́ mu. Ohun tí mo wá sọ fún yín nìyẹn, ìyókù àlàyé rẹ̀ ni.

Ọyẹ́ wa kì í ṣe yìnyín. Láti oṣù Kejìlá ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí ti ń ti apá Sàhárà sọ̀ kalẹ̀. Á pẹ́ ní Natitingou àti Parakou ju ọ̀dọ̀ wa níbí lọ, nítorí a súnmọ́ òkun. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London lè máa ṣe kàyéfì pé 21°C la ń pè ní otútù. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ́ ara lára ni ara fi ń díwọ̀n, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la sì ń wọ̀, fèrèsé wa kì í tì dáadáa. Ọyẹ́ tún ní ìwà mìíràn: ó ń fa omi kúrò lára awọ, omi tó ń gbẹ kúrò lára sì ń gbé ooru lọ. Ẹ fi ọwọ́ tútù yẹn sídìí fáànù tó ń yí lójú ẹni láti àárọ̀, ẹ ó rí i pé ẹni tó ní ọwọ́ òun tutù kò ṣe àṣejù.

Ní àwọn ìlú ńlá, ọyẹ́ kò ní àsìkò mọ́, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Èmi fúnra mi ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Cotonou, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wà lókè orí mi, ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń fẹ́ sí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lóde, oòrùn ń jó. Nínú ilé, mo ń gbọ̀n. Ó dé ibì kan tí n kò lè di kọ́kọ́rọ́ mú láti ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí mo bá délé. Ìyá mi ní kí n má bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba ọwọ́ mi. N kò dá a lẹ́bi, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ní ọjọ́ kan, wọ́n tún ilé náà kùn, wọ́n sún tábìlì mi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ mi padà bọ̀ sípò. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń jẹ ìyà tí mítà mẹ́ta péré lè mú kúrò.

Ní ọdún 2004, Alan Hedge ti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà díwọ̀n irú nǹkan yìí ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Florida. Nígbà tí ooru yàrá wà ní 25°C, àṣìṣe tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe lórí kíbọ́ọ̀dù jẹ́ 10 nínú 100. Nígbà tó wálẹ̀ sí 20°C, ó di 25 nínú 100, àkókò tí wọ́n fi ń tẹ̀wé gan-an sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì. Ìwádìí kékeré ni, tábìlì díẹ̀ ló wò, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀gá tó rò pé otútù ló ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lajú, kó ronú sí i. Ní 2015, Boris Kingma àti Wouter van Marken Lichtenbelt ní Netherlands fi hàn pé òṣùwọ̀n ooru ọ́fíìsì tí ayé ń lò, ara ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tó wọn kílò 70 ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ wo yàrá ìtẹ̀wé wa. Mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ló jẹ́ ọkùnrin ẹni ogójì ọdún?

Kì í ṣe ara òṣìṣẹ́ nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀, ìwé ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ńlá tí wọ́n pè ní RAVIP ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ọyẹ́ bá iṣẹ́ náà lẹ́nu. Ìka àgbẹ̀ tí ọkọ́ ti fá, tí ọyẹ́ tún gbẹ, ẹ̀rọ kì í tètè mọ ìlà rẹ̀. Lódìkejì tábìlì, ẹni tó ń tẹ orúkọ náà wọlé ní ìka tirẹ̀ tó ti le. Lẹ́tà kan péré tó bá ṣì nínú orúkọ ọmọ á sọ bàbá rẹ̀ di èrò ọ̀nà ọ́fíìsì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọwọ́ tó móoru lórí máòsì, àǹfààní ará ìlú ni.

Mo fẹ́ yà sí Pobè díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbèríko ara yìí kan náà ló wà níbẹ̀. Gbogbo yín ló mọ ilé ìwòsàn ibẹ̀ tó ti ń tọ́jú egbò Buruli láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Orúkọ àgbègbè kan ní Ùgáńdà ni Buruli. Kòkòrò tó ń fa egbò yìí kì í gbèrú dáadáa ní 37°C, ooru ààfin; ibi tí ooru bá wà láàárín nǹkan bí 29 sí 33°C ló fẹ́. Nítorí náà, awọ ara, apá àti ẹsẹ̀ ló máa ń kọlù jù. Ìgbèríko náà ni. Ní 2009, àwọn oníṣègùn láti Heidelberg ní Jámánì àti àwọn tó wà ní Ayos ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ròyìn pé àwọn fi ooru tọ́jú aláìsàn mẹ́fà. Àpò tí iyọ̀ kan wà nínú rẹ̀ ni wọ́n lò; sodium acetate ni orúkọ iyọ̀ náà. Bí wọ́n bá ti sè é nínú omi gbígbóná, á yọ́, bó bá sì ń dì padà, á máa tú ooru sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sára egbò náà. Egbò wọn jinná. Iyọ̀ yẹn kan náà ló wà nínú àpò kékeré tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ń fi sápò láti mú ọwọ́ wọn gbóná. Ẹ gbọ́ mi yé: lónìí, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ìtọ́jú egbò Buruli. Kí ẹnikẹ́ni má fi ooru wo egbò nílé. Ẹni tó bá rí kókó tàbí wíwú tí kò dùn ún lára ọmọ rẹ̀, Pobè ni kó gbé e lọ kíákíá.

Àwọn kan wà láàárín wa tí egbò wọn ti jinná ṣùgbọ́n tí ìka wọn ká kò tí kò nà mọ́. Wọ́n ń sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà kò ṣeé kọ́ fún wọn. Irọ́ ni. Irú máòsì kan wà tó jókòó sójú kan, bọ́ọ̀lù ló wà lórí rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹ̀yìn ọwọ́ lè yí i. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá yẹ kó ní ọ̀kan irú rẹ̀ ó kéré tán.

Ní ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí ló yẹ kó ṣe? Èyí tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe ọwọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ bò. Bí àyà, orí àti apá bá móoru, ààfin á fọkàn balẹ̀, á sì dá ẹ̀jẹ̀ padà fún ìka. Aṣọ apá gígùn tó bo ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ ṣe pàtàkì ju ìbọ̀wọ́ lọ, nítorí apá yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni iṣu ẹran tó ń fa ìka wà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́, kó wọ èyí tí kò ní orí ìka. Kí ó mu ẹ̀kọ gbígbóná kó tó jókòó. Ara tí kò jẹun kò ní ohun tí yóò fi dáná. Tábà ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, kò sí àwíjàre fún un níbí.

Kí máòsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù, kí ìgbọ̀nwọ́ súnmọ́ ìhà, kí apá sinmi lé tábìlì, kí ọrùn ọwọ́ má sì tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Inú kọ̀ǹpútà, ibì kan wà tí a ti lè mú kí àmì orí ojú rẹ̀ yára, kí ọwọ́ má baà rin ìrìn jíjìn. Ibẹ̀ náà ni a ti lè pààrọ̀ bọ́tìnnì kí ọwọ́ òsì lè gba iṣẹ́ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ dìde, ẹ na apá, ẹ fi ọwọ́ ra ara wọn. Òrí àti àdín tí àwọn ìyá wa ń lò dára: kì í ṣe pé wọ́n ń dá ooru ṣe, wọ́n ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà kúrò lára awọ, wọn kì í sì í jẹ́ kó là. Rírà tí a ń fi ọwọ́ rà á ló ń mú ooru wá.

Ẹ má gbé èédú tó ń jó wọ yàrá tí a tì. Èéfín rẹ̀ tí a kò lè rí, tí a kò lè gbóòórùn rẹ̀, ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹni tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀tẹ̀ ti gba ìmọ̀lára ọwọ́ rẹ̀, kó má yáná rárá, nítorí iná lè jó o kó má mọ̀.

Otútù ọwọ́ kan sì wà tí kì í ṣe ti fáànù. Ní 1862, Maurice Raynaud, oníṣègùn ará Faransé, ṣàlàyé ọwọ́ tí ìka rẹ̀ máa ń funfun lójijì, á dúdú bí aró, á sì pọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ la ti ń rí i. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú ọwọ́ tutù. Èyí tó ká mi lára jù ni ti ẹni tó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, ì báà jẹ́ SS tàbí SC, àwọn méjèèjì sì wà ní Bẹ̀nẹ̀ dáadáa. Otútù lásán lè gbé ìrora dìde lára rẹ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọ fún olùkọ́ pé otútù ń mú òun lórí kọ̀ǹpútà, kí olùkọ́ má sọ pé ó ń ṣe ọ̀lẹ. Kó yí i nípò lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tábìlì, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fáànù kọ́, ẹ̀yin aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé àti ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀. Owó kọ́ ni mo ń tọrọ. Ní àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó jókòó, ẹ wọ yàrá tí àwọn ọmọ yín ti ń ṣiṣẹ́, ẹ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tutù, ẹ wo ibi tí fáànù kọjú sí, kí ẹ yí i kúrò.